Ajá mi ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ṣadé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Dachshund (ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹlẹ́yìn gígùn) ọmọ ọdún 5 ni. Láti àná ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ìtọ̀ sì ń kán lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé ó ṣì ń mọ ìrora nìyẹn? Ṣé kí n fún un ní ibuprofen, oògùn ìrora tí èèyàn ń lò?

Dàpọ̀: Ibuprofen kọ́ o! Ó máa ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí dókítà ẹranko bá tún wá fẹ́ lo steroid (oògùn tó ń dín wíwú kù), ẹ ti dí i lọ́nà, torí oògùn méjèèjì kì í bára wọn gbé.

Fífa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí. Apá okùn iṣan (èyí tó gba inú eegun ẹ̀yìn, tó so ọpọlọ mọ́ ara) tó wà nísàlẹ̀ ojú ibi tó fara pa lè fa ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ọpọlọ má gbọ́ rárá. Orí ajá ni kẹ́ ẹ máa wò. Ṣé ó yíjú? Ṣé ó ké, àbí ó fẹ́ bu yín jẹ? Ìyẹn gan-an ni ìmọ̀lára.

Tóókẹ́: Nínú ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, tètè máa ń gan. Bó bá bẹ́, ohun inú rẹ̀ á tẹ okùn iṣan mọ́lẹ̀. X-ray kì í fi okùn náà hàn, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn dáadáa. Bí ìmọ̀lára bá ṣì wà, nǹkan bí 9 nínú ajá 10 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ń padà rìn. Bí kò bá sí, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Òní ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Orí pákó ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, kẹ́ ẹ fi aṣọ dè é, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má tẹ̀.

Kúnlé: Ṣé kò lè sinmi nínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni?

Tóókẹ́: Èyí tó ṣì ń rìn, tó kàn ń rora, ni ìyẹn máa ń tó fún. Ti Ṣadé ti kọjá ibẹ̀.

Ṣadé: Ìtọ̀ tó ń kán ńkọ́? Ó ń tọ̀ náà nìyẹn, àbí?

Dàpọ̀: Rárá o, àkúnwọ́sílẹ̀ ni: àpò ìtọ̀ kún, kò lè tú u jáde fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, níwájú itan. Àpò ìtọ̀ á dà bíi bọ́ọ̀lù omi. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ darí rẹ̀ síhà ìrù, ẹ má jù ú sílẹ̀ títí omi á fi dá. Ìgbà 3 sí 4 lójúmọ́ ni. Bó bá le gbagidi tí kò jáde, ẹ má fipá ṣe é, ó lè bẹ́. Dókítà á ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ láti fa ìtọ̀ náà jáde.

Tóókẹ́: Ẹ tún rọra fi ìka méjì fún awọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí lọ sí èjìká, kẹ́ ẹ fi báírò sàmì síbi tí awọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí ààlà náà bá ń sún síhà orí láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ìrù àti ìdí sì rọ jọ̀bọ̀tọ̀, okùn iṣan ló ń rà lọ sókè yẹn, ó sì lè dé ibi tó ń darí èémí. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òru.