Báwo ni mo ṣe lè kí ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n yàn ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ agbẹ̀bí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan ẹ̀gbọ́n wa kan níbi iṣẹ́ ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwa agbẹ̀bí, inú wa dùn kọjá sísọ. Èmi ni wọ́n ní kí n kí wọn lórúkọ gbogbo wa. Faransé la fi ń kọ ìwé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn máa wà níbẹ̀, màmá ò sì gbọ́ Faransé. Yorùbá ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi pé kí n di fèrè onírin tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́, kí n tó gbé e lé aboyún níkùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Ibi tó ti rú mi lójú ni oríkì. Ọmọ ọba ni wọ́n, láti ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tó ń jẹ Alákétu. Ṣé ó tọ́ kí èmi àbúrò kì wọ́n níṣojú ìyá wọn, àbí kí n bẹ àgbà obìnrin ilé wọn? Àdúrà wo ló sì yẹ? “Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀” kò bá a mu lójú tèmi, torí ipò yìí ní gbèdéke, ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin ará Sábẹ̀ẹ́ àti Pọbẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.