Ìtàkùn olódòdó wo ló yẹ abẹ́ igi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi ńláńlá ló bo ọgbà mi, òòrùn àárọ̀ nìkan ló ń ráyè wọlé. Mo fẹ́ ìtàkùn olódòdó tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, tí kò ní fún igi mi pa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ọlọ́gbà: Gloriosa superba ni, ìyá. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Sìmbábúè. Kò lè fún igi pa, torí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ á gbẹ, iṣu rẹ̀ á máa sùn nísàlẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wà níbòòji, kí orí rẹ̀ sì rí òòrùn.

Ewé Tútù: Ẹ rọra mú iṣu yẹn o, ó máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ṣóńṣó rẹ̀ ló ń hù. Mo ṣẹ́ ṣóńṣó iṣu méjì lọ́dún àkọ́kọ́, mo gbin àwọn iṣu náà bẹ́ẹ̀ láìní ṣóńṣó, wọn ò hù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ilẹ̀ má sì jẹ́ èyí tí omi ń dá sí, ó máa rà ni.

Àdùnní: Kò lè gun igi ńlá. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ tó ká kóńkó ló fi ń di nǹkan mú, ohun tín-ín-rín nìkan ló sì lè wé mọ́. Tèmi ń ṣubú lára igi ṣáá, àfìgbà tí mo ri ẹ̀ka gbígbẹ mọ́lẹ̀ fún un ló tó ga jù mí lọ. Òdòdó rẹ̀ máa ń kọjú sílẹ̀, tí àwọn ewé òdòdó náà á ṣẹ́rí padà sókè bí ahọ́n iná. Àwọ̀ ìyeyè ló máa kọ́kọ́ pọ̀ lára rẹ̀, á wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí á fi pupa pátá.

Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ìbejì, májèlé ni o, látorí dédìí! Iṣu rẹ̀ ló burú jù. Àwọn kan ti rò pé ọ̀dùnkún ni, wọ́n sè é jẹ, ó sì pa wọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín. Ṣé àwọn ìbejì ti gbọ́n?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n, kò sóhun tí wọn kì í fi sẹ́nu.

Bàbá Ọlọ́gbà: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà ná.

Ìyá Ìbejì: Mo ti gbọ́, sà. Mo ṣì ń fẹ́ ahọ́n iná yẹn, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí wọ́n bá tó bá sọ̀rọ̀.