Géèmù ìbálùmu, kì í ṣe "eré fídíò onílù ti ẹgbẹ́ àpáta"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ àlàyé kúkúrú nípa The Beatles: Rock Band, géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tí ènìyàn ti ń ṣe bí ẹni ń ta gìtá tàbí tó ń lu ìlù bá orin àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì nì, ti béèrè pé kí la lè máa pe irú géèmù bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbé wá ni "eré fídíò onílù ti ẹgbẹ́ àpáta". Ìyá wa olùkọ́ ní kí a yọ "eré" kúrò, kí a fi "ayò" rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan, pé "géèmù ìlù" ti tó. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí nǹkan mú nínú ti ìyá wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé "àpáta" kúrò lọ́nà. Rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń sọ nínú orin kì í ṣe òkúta. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ti wá, pé kí nǹkan máa mì síwá mì sẹ́yìn. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń lò ó nínú orin wọn tipẹ́ kó tó di orúkọ irú orin kan. Bí a bá kọ "ẹgbẹ́ àpáta", ẹni tó bá kà á ní Ìbàdàn á rò pé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò Àpáta ni, ọmọ ìjọ á sì ti máa retí "Àpáta ayérayé". Rọ́ọ̀kì ni kí a kọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Èkó rárá: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ BLO, tí Laolu Akins jẹ́ onílù wọn, ti ń ṣe rọ́ọ̀kì níbẹ̀. Paul McCartney pàápàá, ọ̀kan nínú àwọn Beatles mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wá ká orin sílẹ̀ ní Àpápá lọ́dún 1973, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ wọn ti túká.

Àbúrò wa tún béèrè bóyá kí òun tú "Beatles" sí "Àwọn Kòkòrò". Rárá o. Ta ló tú African Beats ti Sunny Adé sí "Àwọn Ìlù Áfíríkà" rí? Orúkọ ni orúkọ ń jẹ́. "Rock Band" tó wà lára àkọlé náà, orúkọ ọjà ni òun náà. Kó wà bó ṣe wà. Níbi tí a bá ti ń ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́, "ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì" dára. Ẹ má kọ "ẹgbẹ́ akọrin", ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni "eré fídíò". Ẹ lọ sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé eré fídíò lẹ fẹ́ wò lálẹ́ yìí. Sinimá àgbéléwò ni yóò wá sí i lọ́kàn, yóò sì béèrè ta ló wà nínú rẹ̀. "Eré" ti ru ẹrù jù. Ọmọdé ń ṣeré, òṣèré ń ṣeré, ẹni tó ń sáré náà, eré ló ń sá. Ẹgbẹ́ eléré ń lọ òde eré ní alẹ́ Sátidé, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tiwa yìí gan-an ló ti wá burú jù, nítorí orin àti ìṣeré ti pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí mo bá kọ ọ́ pé "àwọn Beatles ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n", ṣé wọ́n ń kọrin ni, ṣé sinimá ni wọ́n ń ṣe, àbí ọmọ kan ló di pádì mú tó ń darí wọn? Géèmù ni àwọn ọmọ ń pè é, ilé géèmù ni wọ́n ń lọ, pádì ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa, bíi tíṣà, bíi bọ́ọ̀lù.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Nínú ayò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ ọmọ ẹnì kejì ni. Nínú géèmù yìí, ènìyàn mẹ́fà lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nídìí gìtá, ọ̀kan nídìí báàsì, ọ̀kan nídìí ìlù, mẹ́ta nídìí gbohùngbohùn, ìhà kan náà ni gbogbo wọn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayò méjì wà tí mo fẹ́ kí a yá lọ́wọ́ yín. Ìpele mẹ́rin ni géèmù náà ní, láti orí èyí tó rọrùn jù títí dé orí èyí tó le jù. Kí ni a tún ń wá kiri? Ẹni tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, òpè ni. Ẹni tó wà lókè pátápátá, ọ̀ta ni. Kò sẹ́ni tó jókòó tì ọpọ́n ayò rí tí ẹ máa ṣàlàyé méjèèjì yìí fún.

Ó wá ku "géèmù ìlù" ti ẹ̀gbọ́n wa. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. Gìtá rọ́bà kan ló gbé kọ́rùn. Wọ́n ṣe ọ̀kan nínú wọn bíi báàsì Höfner tí McCartney máa ń ta, èyí tí ara rẹ̀ jọ ti fayolíìnì. Kò ní okùn kankan. Bọ́tìnnì márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀: aláwọ̀ ewé, pupa, yẹ́lò, búlúù àti aláwọ̀ ọsàn. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbi tó yẹ kí okùn wà. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà kan na gbọọrọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn àmì aláwọ̀ márààrún yẹn sì ń yí bọ̀ lórí ọ̀nà náà. Kí àmì pupa tó kan ìlà tó wà nísàlẹ̀, ìka òsì ti gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́tìnnì pupa. Bó ṣe ń kàn án gẹ́lẹ́ ni àtàǹpàkò ọ̀tún gbọ́dọ̀ gbá ọ̀pá pẹlẹbẹ yẹn. Bó bá yá jù, kò gbà. Bó bá pẹ́ jù, kò gbà. Bó bá ṣe é bó ṣe yẹ, gìtá á dún. Bó bá tàsé, gìtá nìkan ló máa dákẹ́, ìlù ń lọ, orin ń lọ, àfi bí ẹni pé onígìtá sáré jáde lọ mu omi.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọmọ náà ló ń ta gìtá. Gìtá tí ẹ ń gbọ́ yẹn, àwọn Beatles ti ta á sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Géèmù kàn ń ṣí i lẹ́nu, ó ń pa á lẹ́nu mọ́, bí ọwọ́ ọmọ náà bá ṣe bọ́ sákòókò sí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kò fi rọrùn fún àwọn tó ṣe é. Àwọn orin tí Beatles kọ́kọ́ ká, orí téèpù oníhà méjì péré ni wọ́n ká wọn sí, tí ìlù, gìtá àti báàsì fi lẹ̀ mọ́ra wọn. Giles Martin, ọmọ George Martin tó darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn nígbà náà, ló jókòó sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì, kí gìtá lè dákẹ́ kí ìlù má dákẹ́.

Èsì mi fún ẹ̀gbọ́n wa nìyí. Ìlù là ń lù, gìtá là ń ta, dùùrù là ń tẹ̀, fèrè là ń fọn. Bí ẹ bá pè é ní "géèmù ìlù", ẹni tó kà á á máa wá ọ̀pá ìlù kiri. Nǹkan kan ṣoṣo ni onígìtá, onílù àti olórin inú géèmù yìí jọ ń ṣe: wọ́n ń bá ìlù mu. Ohun tí mo mú wá nìyẹn: géèmù ìbálùmu. Ìlù inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe gángan nìkan. Nígbà tí a bá sọ pé ijó ẹnì kan kò bá ìlù mu, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn olórin wà níbẹ̀, gbogbo bí nǹkan ṣe ń lọ pátá la ní lọ́kàn.

Ẹnì kan ti bi mí pé ṣé ijó kọ́ ni mo ń sọ yẹn. Ijó wà níbẹ̀, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Konami ní Japan gbé géèmù Dance Dance Revolution jáde, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, lórí pèpéle onítọ́ka. Guitar Hero dé lọ́dún 2005, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà ni a nílò. Bí àwọn àgbà ṣe rí "àgbéléwò" náà nìyẹn. Wọn kò wo ohun tí Òyìnbó ń pe nǹkan náà, ohun tí àwa ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àbúrò wa fi sílẹ̀ láìtú, mo sì rò pé òun ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni bá já gaara fún ìgbà díẹ̀, agbára kan á ṣí sílẹ̀ fún un tó máa ń sọ máàkì di ìlọ́po méjì. Beatlemania ni wọ́n pè é. Ẹnì kan dábàá "wèrè Beatles". N kò lè gbà á, pàápàá níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fàmì sórí ọ̀rọ̀. Ká má lọ sọ wọ́n di olórin wéré tí ń jí àwọn ènìyàn sààrì. Ariwo ni wọ́n fi sọ nǹkan náà lórúkọ. Ní pápá ìṣeré Shea ní New York, lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1965, èrò tó lé ní 55,000 hó débi pé agbára káká ni àwọn olórin náà fi ń gbọ́ ohùn ara wọn, pápá yẹn sì wà nínú géèmù náà. Kí ni ogunlọ́gọ̀ ń ṣe ní Yorùbá? Wọ́n hó yèè. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìhóyèè: "ìhóyèè ti ṣí, máàkì ti di ìlọ́po méjì".

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí èmi yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àlàyé àbúrò wa nìyí, kí ẹ wá gé e bó bá ṣe wù yín:

"The Beatles: Rock Band jẹ́ géèmù ìbálùmu tí ilé-iṣẹ́ Harmonix ní Amẹ́ríkà ṣe. Ó jáde lọ́jọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ọjọ́ kan náà tí wọ́n tún àwọn àwo Beatles gbé jáde pẹ̀lú ohùn tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orin 45 ló wà nínú rẹ̀, ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Liverpool yìí nìkan ṣoṣo, kò dà bíi Guitar Hero: Aerosmith ti ọdún 2008, tí orin àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà nínú rẹ̀. Gìtá, báàsì, ìlù àti ohùn ni a fi ń ṣe é, láti ìpele òpè títí dé ìpele ọ̀ta."

Mo fi "báàsì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí àwọn eléré wa ń pè é nìyẹn. Ní ti àwọn àmì aláwọ̀ tó ń yí bọ̀ lójú ọ̀nà, n kò fún wọn lórúkọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń pè wọ́n, kó kọ ọ́ wá.