Dígí àtijọ́ àti ọ̀pá àbẹ́là idẹ méjì: ṣé kí n sọ wọ́n di tuntun ni?

Ilé_Dùn:
Ẹ kú ilé o. Ìyá àgbà mi fi dígí ńlá kan sílẹ̀ fún mi, férémù ẹ̀ aláwọ̀ wúrà, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i lára yípo, pẹ̀lú ọ̀pá àbẹ́là idẹ méjì tí wọ́n máa ń gbé síwájú ẹ̀. Dígí yẹn ti ní àmì dúdú káàkiri etí ẹ̀, pàápàá nísàlẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ta yíǹkì sí i látẹ̀yìn, àwọn ọ̀pá àbẹ́là náà ti dúdú, ìda sì ti gan mọ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ dígí yẹn dànù kí n fi tuntun sí i, kí n fi sáńpépà ha idẹ yẹn títí á fi máa kọ mànà. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ tiyín? Ibo ni kí n sì gbé wọn sí, torí pálọ̀ mi ò tóbi.

Afínjú_Idẹ:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sáńpépà kàn án o! Ẹ kọ́kọ́ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn a jẹ́ pé irin ni wọ́n fi idẹ bò, tẹ́ ẹ bá ha irú ìyẹn irin ló máa yọjú. Tí ò bá lẹ̀, ẹ mí sí ọ̀pá yẹn lára bíi téèyàn tó fẹ́ nu awò ojú, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn látòkè dé ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1700, ìlàjì méjì ni wọ́n máa ń da ọ̀pá àbẹ́là idẹ ní England kí wọ́n tó jó o pọ̀, ìlà yẹn ló kù lára ẹ̀. Ní ti ìda, ẹ kó wọn sínú fírísà fún bíi wákàtí kan, ó máa gan, ó máa ṣẹ́ kúrò tẹ́ ẹ bá fi èékánná tì í, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe é.

Olólùfẹ́_Dígí:
Ẹ fi dígí yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀rinrin ló wọ ẹ̀yìn ẹ̀ tó jẹ ohun tí wọ́n fi kùn ún, ìyẹn lẹ̀ ń rí bí àmì dúdú, èmi gan-an ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù lára wọn. Ẹ fi ṣóńṣó bírò kan ojú ẹ̀, tí bírò àti òjìji ẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, gíláàsì ẹ̀ fẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ti àtijọ́ ṣe máa ń rí. Kí Liebig ará Jámánì tó gbé ọ̀nà fífi fàdákà kùn ún jáde lọ́dún 1835, tánńganran àti mẹ́kúrì ni wọ́n ń lò, torí náà ẹ má ha ẹ̀yìn ẹ̀ rárá, mẹ́kúrì ò dáa lára. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nù ún, aṣọ ni kẹ́ ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí, kì í ṣe dígí fúnra ẹ̀, torí omi á ṣàn lọ sétí.

Férémù yẹn ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ nìkan. Mo ti fi aṣọ tútù nu tèmi rí, wúrà yẹn bá aṣọ lọ, ẹfun funfun tó wà lábẹ́ ẹ̀ wá hàn síta, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìmọ́lẹ̀_Alẹ́:
Ẹ má ya àwọn méjèèjì nípa o. Nígbà tí ò tíì sí iná mànàmáná, torí kí iná àbẹ́là lè di ìlọ́po ni wọ́n ṣe ń gbé dígí sẹ́yìn ẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn kan ní ààfin Versailles, ní France, dígí 357 ni wọ́n tò kọjú sí fèrèsé 17, ọdún 1684 ni wọ́n parí gbọ̀ngàn yẹn. Pálọ̀ kékeré gan-an ló nílò irú ẹ̀: ẹ gbé e kọjú sí fèrèsé, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á wọlé dáadáa. Kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí kẹ́ ẹ wo ohun tó máa hàn nínú ẹ̀, torí tó bá jẹ́ wáyà tẹlifíṣọ̀n ló ń wò, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa rí wáyà yẹn. Ìkọ́ méjì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé okùn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí iná àbẹ́là sì jìnnà sí férémù, èéfín ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà.

Ilé_Dùn:
Ẹ ṣé gan-an! Mágínẹ́ẹ̀tì ò lẹ̀ mọ́ ọn, mo mí sí i, mo sì rí ìlà yẹn! Ìda ti ṣẹ́ kúrò lára ọ̀kan, abẹ́ ẹ̀ ni mo ti rí ewé kéékèèké tí wọ́n fín yí ọrùn ẹ̀ ká, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Èkejì ṣì wà nínú fírísà.