Wọ́n ní mo ń gbéraga, àṣé ìyẹ́ adìyẹ ni ò bá ọwọ́ mi mu

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tèmi, ẹ ní ká sọ ìgbà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbà wá mọ́ra, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé ni mo ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rì í sínú aró, ní Òṣogbo níbí, ìlú aró ṣáà ni wá, àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, mo sọ fún ọ̀gá pé mo mọ àwòrán yà ni wọ́n bá fi mí sídìí ọnà. Báírò ni mo fi ń yà á nílé ìwé o! Ìyẹ́ adìyẹ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ́ tì í bọ ẹ̀kọ láfún, ọwọ́ ò gbọdọ̀ gbọ̀n, ibi tí ẹ̀kọ bá ti fẹ́lẹ́ ni aró máa gbà wọlé, tí aṣọ bá sì ti wọ ìkòkò ó ti tán nìyẹn. Ẹja tí mo bá yà, tó bá fi máa jáde ó ti di ẹrẹ̀.

Iye aṣọ tó bá dáa ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, gbogbo wa la jọ ń pín in. Kò sẹ́ni tó bú mi, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Wọ́n á pe ẹlẹ́wà, wọn ò ní pè mí, èmi náà wá ń jókòó sí kọ̀rọ̀ mi, ni wọ́n bá ní mo ń gbéraga.

Ọjọ́ kan ìyá tó ń rẹ aṣọ ò wá, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, mo bá ká apá aṣọ mi sókè. Aṣọ á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ẹ́ gbé e sátẹ́gùn, ojú yín níbẹ̀ lá ti máa di búlúù, ẹ̀ẹ́ tún rì í padà, títí á fi dú dáadáa. Ó bá mi lára mu gan-an ni. Nígbà tí màmá dé, wọ́n yẹ aṣọ wò wò wò, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ta ló ní kó o lọ di ìyẹ́ mú?" Ẹni tó máa ń dákẹ́ jù nínú wọn ló pè mí lọ́sàn-án yẹn: "Wá jẹun jàre, eléèékánná aró."

—

Ẹlòmíì fèsì: Ó dáa tìẹ o. Èmi mọ iṣẹ́ tèmi, fóònù ni mò ń tún ṣe lápá Ọláìyá, kọ́sítọ́mà á dé, èmi ni wọ́n á béèrè, ni àwọn bùọ̀dá tí mo bá níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé screwdriver pa mọ́ fún mi kí n má baà rí i lò. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀.