Kí ló fà á tí ọjà ṣọ́ọ̀bù ilé fi ń wọ́n ju ti orí fóònù lọ? Ẹ̀yin ọlọ́jà ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ dá sí i

Aláṣọ́ọ̀bù Iná, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Oníbàárà á wọlé, á ṣí fóònù rẹ̀, á nà án sí ọlọ́jà: "Ẹ wò ó, ₦33,000 ni fáànù yìí níbí, kí ló dé tí tiyín fi lé ní ₦40,000?" Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fi ìbínú dá a lóhùn. Ìṣirò ló yẹ ká gbé kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni kò sì jókòó ti ìṣirò náà rí, ìyẹn ló jẹ́ kí oníbàárà máa rò pé ńṣe la fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú fáànù onídùúró 18 ínṣì. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo kọ yìí o, kí kálukú fi ti ọjà tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní alátùntà l'Álábà ní Èkó gbà ₦30,000 lórí ẹyọ kan, torí pé ogún péré la rà. Wáyábìlì láti Èkó dé Kàbà, yálà ọkọ̀ gba Ìlọrin àti Ẹ̀gbẹ̀ ni o, tàbí ó gba Ọ̀mùò, ₦2,000. Alábàárù tó gbé e dé ìdí ọkọ̀ àti ẹni tó já a nílé, ₦300. Bí ọ̀kan nínú ogún bá dé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó fọ́ tàbí irin tó tẹ̀, àwọn tó kù ló máa ru owó rẹ̀: nǹkan bíi ₦1,500 lórí ẹyọ kan. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, epo jẹnẹrétọ̀, ọmọ iṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀: ₦2,200. Bó bá jẹ́ owó èlé la fi rà á, 4% lóṣù, tí ọjà sì lo oṣù méjì kó tó tà, ₦2,400 nìyẹn. Ẹ rò ó pọ̀: ₦38,400. A ò tíì fi kọ́bọ̀ kan lé e. Bí a bá jèrè ₦2,000, ó di ₦40,400. Nínú ₦7,400 tí oníbàárà rí gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀, èrè wa kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀.

Ẹni tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rà lọ́wọ́ ẹni tó kó kọntẹ́nà wọlé gan-an, àwọn mìíràn sì ni wọ́n kó o wọlé fúnra wọn. Tiwa ti kọjá lọ́wọ́ akọ́jàwọlé, ó dé ọwọ́ ọlọ́jà ńlá l'Álábà, ó dé ọwọ́ alátùntà kékeré, kó tó kàn wá. Kò sí ọwọ́ tí ọjà kọjá tí kì í mú tirẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìlú tó ń tà sí, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Kàbà ń dúró de ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀. Owó ẹni orí íntánẹ́ẹ̀tì lè yí po (kó di ọjà, kó tún padà di owó) lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, tiwa á yí po ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí owó rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lè fi ₦700 jèrè lórí ọjà kan kó sì là. Bí àwa bá gbìyànjú rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan tún wà tí kò hàn nínú ọjà. Lọ́dún 2012 ni Jumia, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀, ó ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà New York ní oṣù Kẹrin 2019, síbẹ̀ títí ọdún 2024 fi parí kò sí ọdún kan tó fi èrè parí rẹ̀. Owó àwọn olùdókòwò ló ń di àlàfo náà. Kò sí ẹni tó ń bá ọlọ́jà Òdò-Ẹrẹ di tirẹ̀.

Ìyá Pírófísọ̀nù, Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ fo àwìn. Àwìn ló ń jẹ ṣọ́ọ̀bù ilé ju wáyábìlì lọ, kò sì sí fóònù tó ń tajà láwìn fún tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé.

Ẹ wo páálí núdù onídìí 40. Ká ní ₦9,500 la rà á, a tà á ₦9,900 láwìn, èrè ₦400. Oṣù méjì kọjá kí owó tó wọlé. Nígbà yẹn páálí kan ti di ₦10,400 lọ́wọ́ ẹni tí a ti ń rà á. ₦9,900 tó wà lọ́wọ́ kò lè ra páálí kan mọ́, ó kù ₦500. Nínú ìwé, a jèrè ₦400. Lórí pẹpẹ, ọjà ti dín kù. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá iye ara rẹ̀, irú àdánù yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kún-un di pẹpẹ lásán, ẹni tó ni ín á sì máa wá ibi tí owó gbà jáde.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iye méjì ni kí ọjà ní, ti owó ọwọ́ àti ti àwìn, kí ẹ sì sọ méjèèjì kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Nínú ìwé àwìn, ẹ má kọ owó nìkan. Ẹ kọ orúkọ ọjà, iye rẹ̀, déètì, àti ọjọ́ tí owó máa wọlé, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Kí gbogbo àwìn tó wà níta má ju ìdá márùn-ún owó ọjà lọ: bí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ ₦500,000, àwìn kò gbọdọ̀ kọjá ₦100,000. Bó bá ti dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun lọ títí tí ẹlòmíràn á fi san. Ó ṣòro láàárín ará àti ọ̀rẹ́, mo mọ̀, nítorí ọmọ ìyá ọkọ ló ń béèrè, pásítọ̀ ló ń béèrè. Àmọ́ ọjà tó tán kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti ọjà tó wúwo tí owó rẹ̀ kéré, ẹ fọkàn balẹ̀. Iyọ̀, ọṣẹ, núdù, ìrẹsì, omi: owó tí wọ́n fi máa gbé e wá yóò ju èrè rẹ̀ lọ. Símẹ́ńtì ńkọ́? Ọbájànà ni wọ́n ti ń ṣe é, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja síbí. Àpò kan jẹ́ 50 kílò, ta ló máa gbé ìyẹn láti Èkó padà wá? Ibi tí fóònù ti ń nà wá ni ohun tó fúyẹ́ tó sì lówó lórí: fóònù, ṣájà, wíìgì, bàtà, ohun ìṣaralóge. Kí ọlọ́jà tuntun ro ìyẹn kó tó kó owó sí ọjà.

Oníwáyábìlì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Díẹ̀ ni tèmi. Iye tó wà lábẹ́ àwòrán kọ́ ni iye ọjà. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ síbẹ̀, nígbà náà ni owó ìfiránṣẹ́ á jáde. Fáànù ₦33,000 yẹn, bí owó ìfiránṣẹ́ dé Kàbà bá jẹ́ ₦3,500, ó ti di ₦36,500. Ẹni tó wà ní abúlé kan ní Bùnú yóò tún wọ ọ̀kadà lọ gbà á ní ìlú tí ibi ìgbẹ́rù wà, kó sì wọ ọ̀kadà padà. Ìyàtọ̀ á ṣì kù, mi ò sẹ́, àmọ́ kì í ṣe ₦7,400 mọ́.

Ohun tó ń ba ẹrù jẹ́: àdírẹ́sì. "Lẹ́yìn ọjà" kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ ọn, àti nọ́ńbà méjì tó ń wọlé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà kan tí kò wọlé, ẹrù lè yí padà sí Lọ́kọ́ja. Tó bá dé, ẹ tú u níwájú ẹni tó gbé e wá, kí ẹnì kan máa ká a sí fídíò láti ìgbà tí téèpù ara rẹ̀ ṣì wà lódindi. Ẹ má sọ ọ̀rá àti páálí rẹ̀ nù títí ọjọ́ ìdápadà fi kọjá, ọjọ́ díẹ̀ péré sì ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó sí àpò òun tààrà kí òun lè "dín in kù", ẹ má dáhùn. Bó bá sá lọ, ilé iṣẹ́ tó ni ọjà kò mọ̀ ọ́n.

Oní-sólà, Mọ̀pà

Kí a tó fi iye wé iye, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé ohun kan náà ni. Àwòrán kan náà lè jẹ́ ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibí sì ni oníbàárà ti ń pàdánù jù nídìí iná.

Bátìrì 12V tí wọ́n kọ 200Ah sí lára yẹ kó gba 2,400Wh (12 lọ́nà 200; Wh ni iye iná tó lè tọ́jú). Òjé ló wà nínú rẹ̀, òjé kì í sì í fúyẹ́: ojúlówó rẹ̀ máa ń lé ní 50 kílò. Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n tó jẹ́ 35 kílò, kò sí 200Ah níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ. (Ti lithium yàtọ̀, ìyẹn fúyẹ́ gan-an, ẹ má fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n.) Pánẹ́ẹ̀lì sólà kò lè parọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Oòrùn tó mú dáadáa ń mú nǹkan bíi 1,000W wá sórí mítà kan níbùú lóròó, pánẹ́ẹ̀lì tó dára sì ń rí nǹkan bíi 20% mú nínú rẹ̀. Nítorí náà 400W nílò bíi ilọ́po méjì àyè yẹn: 1.7 mítà ní gígùn, 1.1 ní fífẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta "400W" tó gùn ní 1.2 tó sì fẹ̀ ní 0.6, kò lè ju nǹkan bíi 150W lọ.

Wáyà ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí wáyà ń jólé. Ẹ gé orí wáyà 2.5mm, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ ha okùn kan nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbà á pọ́n dé inú. Èyí tí wọ́n fi bàbà kun ara alumíníọ̀mù á pọ́n lóde, bí abẹ bá ti wọlé á funfun. Alumíníọ̀mù ń gbé iná ní nǹkan bí 60% ohun tí bàbà ń gbé bí wọ́n bá nípọn bákan náà, nítorí náà wáyà yẹn á gbóná níbi tí bàbà kò ti ní gbóná, ojú ibi tí wọ́n ti so ó á tú, iná á máa ta pàràpàrà. Wáyà tó dín ní ìdajì owó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dín in. Páwá báǹkì náà: 50,000mAh túmọ̀ sí 185Wh, ojúlówó rẹ̀ kò lè wọ̀n kéré ju 700 gíráàmù. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi fóònù kan, ẹ dá a padà.

Kí ọlọ́jà gbé òṣùwọ̀n, téèpù tí a fi ń wọn gígùn àti abẹ fẹ́lẹ́ sórí káńtà. Kó ṣe é lójú oníbàárà, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wáráńtì sínú rìsíìtì: oṣù mélòó, kí ló bò, kí ni kò bò. Bí bátìrì bá kú lóṣù kẹta, ẹni tó rà á ní Mọ̀pà lè gbé e padà wá lórí ọ̀kadà. Owó ìyẹn wà nínú iye tí a ń ta, kò sì yẹ ká máa tijú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Ìyàrá

Àbúrò, o ṣeun, ìyẹn wúlò gan-an. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ₦2,400 tí Aláṣọ́ọ̀bù Iná kọ sílẹ̀ fún èlé, torí owó la fi ń pèéná owó, ibẹ̀ sì ni a ti lè gba ara wa.

Báńkì àpapọ̀ (CBN) gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024, ó sì dín in sí 27% ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Báńkì ńlá kì í sábà yá ọlọ́jà kékeré lówó ní iye yẹn. Ẹni tó ń lọ sí ilé ayánilówó kékeré, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Bí wọ́n bá ní 4% lóṣù lórí ₦500,000 fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì ń ka èlé lé gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èlé jẹ́ ₦120,000. Bẹ́ẹ̀ oṣooṣù lo ń dá owó padà, kì í ṣe ₦500,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ lóṣù karùn-ún. Èlé gidi tí ò ń san lé ní 6% lóṣù.

Bí ṣọ́ọ̀bù márùn-ún bá pa owó pọ̀ ra ọgọ́rùn-ún fáànù, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì yá wọn ní 1% lóṣù, ẹ wo bí ìṣirò yẹn ṣe máa rí: ọjà ₦28,000, torí iye tí a rà pọ̀, ọkọ̀ tí a háyà fún ara wa, ₦1,200, alábàárù ₦300, ìfọ́ ₦800, torí wọn ò já a kalẹ̀ lọ́nà, ṣọ́ọ̀bù ₦2,200, èlé oṣù méjì ₦560. Ó jẹ́ ₦33,060. Pẹ̀lú èrè ₦2,000 kan náà, ₦35,060, ó sì ti kéré ju ₦36,500 tó ti orí fóònù dé Kàbà.

Ibi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń túká, a mọ̀ ọ́n. Owó ẹnì kan kì í pé ní ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, wọ́n á dúró dè é, iye ọjà á yí padà. Nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ kò bá wọlé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó dúró de ìrìn àjò tó kàn. Èèyàn méjì ni kó lọ rà á, kí rìsíìtì sì jẹ́ ti ọlọ́jà tó tà á, kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ kọ nílé. Gbogbo ẹgbẹ́ ni kó ru owó ohun tó bá fọ́ lọ́nà, láìka ẹni tó ni ín sí.

Èyí tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni owó ọkọ̀. Ẹ má pín in ní iye páálí, torí páálí fáànù kan gba àyè páálí ṣájà mẹ́wàá. Ẹ fi téèpù wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ kó ti gbogbo wọn pọ̀, kí kálukú san gẹ́gẹ́ bí àyè tí ẹrù rẹ̀ gbà nínú ọkọ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo gan-an bíi bátìrì, ìwọ̀n kílò ni kí ẹ fi gba tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ọkọ̀ tó kúrò ní Èkó.