Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ fún iṣẹ́ ní fásitì wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́?

Ọmọ Kábà:

Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà ní ọdún kejì ní fásitì ní Lọ́kọ́ja, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́. Kọ́ọ̀sì kan wà tí a lè yàn tàbí kí a fi sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ mẹ́mò, ìròyìn iṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé tí a fi ń tọrọ owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìlú. Bàbá mi ní ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò nílò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n fi àkókò náà kọ́ kọ̀ǹpútà. N kò fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ wọn láìní ìdí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ni ẹ̀kọ́ yìí ń ṣe fún ènìyàn ní ọdún bíi méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́?

Ìyá Mọ̀pà:

Àbúrò mi, òkun. Ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ mi sì ni àwọn àgùnbánirọ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fásitì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lé ẹni tuntun lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Ẹni tí kò kọ́ ọ yóò kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ a kò ní rí ohun tí ìpàdé pinnu, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Ẹni tó kọ́ ọ mọ̀ pé ẹni tí kò sí ní ìpàdé ni òun ń kọ̀wé fún, ó sì ń kọ ọ́ lọ́nà tí mátíróònì tó ń kà á lórí ìdúró fi máa rí iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà máa ń béèrè orúkọ rẹ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀, nítorí pé ìwé rẹ̀ ti dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré lásán ni èyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1940, tí ogun ń jó wọn lẹ́yìn, Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì nígbà náà, kọ mẹ́mò ojú ìwé kan ṣoṣo sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀, ó ní kí wọ́n dín gígùn ìròyìn wọn kù, kí kókó ọ̀rọ̀ wà ní ìpínrọ̀ kúkúrú, kí àlàyé tó díjú sì wà ní àfikún lẹ́yìn. Bá mi kí bàbá, kí o sì sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá ọ mọ ohun tó yẹ kí o yọ kúrò.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ, Ọbájànà:

Ọ̀rọ̀ ìyá wa dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ ni èmi kọ́, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí n kò lo kọ́ọ̀sì yìí, nítorí pé ìwé ni ẹni tó ń parí ṣífìtì fi ń bá ẹni tó ń gbà á sọ̀rọ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú kíláàsì náà ni ìwé tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Challenger, ọkọ̀ ojú sánmà Amẹ́ríkà tó fọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1986, ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, tí àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1985, Roger Boisjoly, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ti kọ mẹ́mò sí ọ̀gá rẹ̀ pé bí wọn kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí àwọn òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀mí ènìyàn lè bá a lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìgbéra, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ àwọn aláṣẹ pé òtútù ti pọ̀ jù fún rọ́bà náà. Wọn kò gbà fún wọn.

Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí bóyá àwọn àtẹ tí wọ́n fi hàn ní alẹ́ náà fi òtútù àti ìbàjẹ́ rọ́bà sí ojú kan náà tó bó ṣe yẹ. Èmi kò dá àwọn tó kọ̀wé lẹ́bi. Olùkọ́ wa ní kí a tún ìkìlọ̀ náà kọ fún aláṣẹ tí kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì rí i bó ti ṣòro tó láti fi ewu ṣáájú, kí ẹ̀rí tẹ̀ lé e, láìbo èyíkéyìí mọ́lẹ̀. Mẹ́mò Boisjoly wà nínú ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ààrẹ Amẹ́ríkà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ kò lè pàṣẹ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó lè kọ òtítọ́ sílẹ̀ kedere pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀.

Olùkọ́, Ìsánlú:

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ pé kọ́ọ̀sì náà kì í wá iṣẹ́ fún ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, odindi oyè ni àwọn kan ń gbà lórí rẹ̀, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Carnegie ní ìlú Pittsburgh ní ọdún 1958. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni tìrẹ. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é bóyá olùkọ́ máa ń dá iṣẹ́ padà fún wọn láti tún kọ. Bí ó bá jẹ́ pé nóòtì ni wọ́n kàn ń pè fún wọn láti há sórí, tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ.

Bí wọ́n bá ń dá a padà, gbà á láìṣiyèméjì. Wo òfin òmìnira ìròyìn Nàìjíríà ti ọdún 2011, tó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ẹni tó bá béèrè àkọsílẹ̀. Lẹ́tà tí kò dárúkọ àkọsílẹ̀ pàtó àti ọdún rẹ̀ rọrùn láti tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lè wúlò fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú rẹ̀ kó tó rí iṣẹ́ olówó oṣù.

Ọmọ Kábà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn tó ṣe é ní ọdún tó kọjá sọ fún mi pé gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń tún kọ, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Màá ka ọ̀rọ̀ yín sí bàbá mi létí. Ṣé ó yẹ kí n máa kó àwọn iṣẹ́ náà pamọ́?

Olùkọ́, Ìsánlú:

Bẹ́ẹ̀ ni. Tọ́jú èyí tí o kọ́kọ́ kọ pẹ̀lú àmì pẹ́ńsù olùkọ́ lára rẹ̀, kí o sì fi èyí tí o tún kọ tì í. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mú méjèèjì dání, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí o fi yí ohun tí o yí padà.